Ṣé Òkìkí Tọ́ sí Ṣaworoidẹ?

Bí a bá kó olólùfẹ́ fíìmù Yorùbá mẹ́wàá jọ, tí a ní kí wọ́n dárúkọ èyí tó dára jù, ó ṣòro kí a má gbọ́ orúkọ Ṣaworoidẹ, èyí tí Túndé Kèlání darí, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, tó sì jáde ní ọdún 1999. Ìyìn náà ti pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yìn ín láìrántí ìgbà tí wọ́n wò ó kẹ́yìn. Èmi náà wà lára wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní ìlú Jogbo (orúkọ ohun tó korò ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún ìlú), àdéhùn wà láàárín ọba àti ará ìlú. Ẹni tí yóò jọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kí ó sì dé adé idẹ. Ìlù tó ní ṣaworo idẹ ni ẹlẹ́rìí. Bí ẹni tí kò ṣe ètùtù bá dé adé náà, tí ẹni tó ni ìlù bá lù ú, ikú ni. Lápitẹ́, ọba tuntun, kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́, nítorí pé owó ló bá dé orí oyè, òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ sì ta igbó ìlú fún àwọn agégẹdú.

Ohun tí àwọn alámèyítọ́ sábà máa ń tẹnu mọ́ ni pé fíìmù náà ń fi Jogbo ṣàkàwé Nàìjíríà lábẹ́ àwọn ológun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Lọ́dún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀, ta ni yóò rí Lagata, ọ̀gá ológun tó gba oyè mọ́ Lápitẹ́ lọ́wọ́, nínú aṣọ ológun tí kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Bí ó bá jẹ́ pé àkàwé yìí nìkan ló gbé fíìmù náà ró ni, à bá ti gbàgbé rẹ̀ tipẹ́.

Èdè ló gbé e ró. Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti òǹkọ̀wé, ló ṣe Ọ̀pálábá, àgbàlagbà tó ń fi òwe àti ẹ̀fẹ̀ gún àwọn ará ààfin lára. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Ìṣọ̀lá bá ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kì í dún bí ohun tí a há sórí rárá. Kọ́lá Oyèwọ̀ kò sì ṣe Lápitẹ́ bí òǹrorò tó kàn ń pariwo. Ó ṣe é bí ọkùnrin tó mọ ohun tó jẹ gbèsè rẹ̀, tí ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á. Ìlù fúnra rẹ̀ ń kó ipa tirẹ̀. Ṣaworo ni àwọn agogo kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ etí ìyáàlù dùndún, tí a máa ń gbọ́ lóde ìnáwó láìkà á sí. Fíìmù yìí sọ ọ́ di òfin ìlú. Kódà bàtà àti gángan wà nínú orúkọ àwọn ọ̀dọ́ inú ìtàn, Arẹ́sẹ̀jábàtà àti Aráparegángan. Kí ọba máa sá fún onílù, èrò tó ti inú àṣà wa jáde ni, kò sí ibi tí wọ́n ti lè yá a.

Síbẹ̀, mi ò lè fi gbogbo ẹnu yìn ín. Arẹ́sẹ̀jábàtà, tí Kúnlé Afọláyan ṣe kí òun náà tó di olùdarí fíìmù, kò ní àléébù kankan, nítorí náà kò wọni lọ́kàn tó Lápitẹ́ tó burú. Láti ìgbà tí ológun ti gorí oyè ni ìtàn ti ń kánjú. Ìlù wá dún, orí fọ́, ọ̀tá kú. Ìjà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń bá bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá dà bí ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì mọ́. Ẹnìkan lè sọ pé ọwọ́ ènìyàn ló lu ìlù náà. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni.

Pẹ̀lú èyí náà, òkìkí tọ́ sí i. Ẹni tó bá gbé ojú lé ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ yóò rí ọ̀rọ̀ ìṣèlú inú rẹ̀, yóò sì pàdánù Ọ̀pálábá, nítorí náà kí ó wò ó pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá. Ní ti Agogo Èèwọ̀, ìtẹ̀síwájú rẹ̀ tó jáde ní 2002, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ díẹ̀ wà láàárín kí ẹ tó wò ó, kí ohùn ìlù ti àkọ́kọ́ lè kúrò létí.