A fi kóòdù Monero dá owó kékeré sílẹ̀ ní Ìkòròdú: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀

Ẹni tó bá ń rò ó pé òun fẹ́ dá owó kírípítò tòun sílẹ̀, irú èyí tí kì í tú àṣírí ẹni tó ń ná an, kóòdù Monero, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Òun náà ni àwa lò. Àwa mélòó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkòròdú la kóra wa jọ, a fi kóòdù náà dá owó kékeré kan sílẹ̀ láàárín ara wa, a sì ń tọ́jú rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ á rí díẹ̀ gbà, á sì lè fi tẹ ìwé, fi gba iná sí fóònù, tàbí fi tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́dọ̀ ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́. Mi ò ní dárúkọ owó náà, nítorí mi ò wá polówó, a kì í sì í tà á fún ẹnikẹ́ni. Kóòdù tí a fi kọ́ ọ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Kí n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: kóòdù náà dára gan-an, dídá owó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kò sì le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Títọ́jú rẹ̀ niṣẹ́. Àṣírí tí gbogbo èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wá sídìí rẹ̀ kò sì sí nínú kóòdù nìkan. Màá dé ibẹ̀.

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni Monero bẹ̀rẹ̀, ara Bytecoin, owó kírípítò mìíràn tó ṣáájú rẹ̀, ni wọ́n sì ti gé e, ìyẹn ni pé wọ́n mú kóòdù rẹ̀, wọ́n sì yí i padà. Ohun tó lé àwọn èèyàn kúrò nídìí Bytecoin ni pé kí ará ìta tó gbọ́ nípa rẹ̀, ó ju 80% owó náà tó ti wà lápò àwọn kan. Monero ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kò sí ẹni tó bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ ṣáájú. Àwa náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹnì kan nínú wa dá a lábàá pé kí a yọ díẹ̀ fún àwọn tó ṣiṣẹ́ kóòdù, a kọ̀ jálẹ̀. Owó tí èèyàn kò lè rí iye tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀, bí ẹni tó dá a sílẹ̀ bá fi ìyọsápò bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò tún gbà á gbọ́?

Bí ẹ bá ti gba kóòdù náà wálẹ̀, fáìlì kan tó ń jẹ́ cryptonote_config.h ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣí. Ibẹ̀ ni orúkọ owó wà, ibẹ̀ ni iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín blọ́ọ̀kù (ìdìpọ̀ ìsanwó tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan) kan sí òmíràn wà (120 ìṣẹ́jú-àáyá ni ti Monero), ibẹ̀ náà ni nọ́ńbà tó ń pinnu lẹ́tà tí àdírẹ́ẹ̀sì yóò fi bẹ̀rẹ̀ wà. Ti Monero jẹ́ 18, òun ló jẹ́ kí àdírẹ́ẹ̀sì wọn máa fi 4 bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí i padà, kí ẹnì kan má baà fi owó yín ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì Monero. Ẹ yí NETWORK_ID (àmì tó ń ya ẹ̀ka owó kan sọ́tọ̀ sí òmíràn) àti àwọn pọ́ọ̀tì 18080 àti 18081 (ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) padà pẹ̀lú. Ẹ wọ hardforks.cpp (ibi tí àkókò ìyípadà òfin ẹ̀ka wà), lẹ́yìn náà kí ẹ wọ fáìlì checkpoints (ibi tí àmì àwọn blọ́ọ̀kù tí wọ́n ti fọwọ́ sí wà), kí ẹ pa gbogbo ohun tó jẹ́ ti ẹ̀ka Monero rẹ́, títí kan àwọn orúkọ DNS (orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì) tí ẹ̀rọ máa ń lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ìyẹn.

Kíkọ́ kóòdù náà di ohun tó ń ṣiṣẹ́ ń jẹ RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ. Ìwé ìtọ́sọ́nà wọn fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé ó kéré tán, kí 2 GB wà fún okùn iṣẹ́ (thread) kọ̀ọ̀kan. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB, bí ẹ bá ní kó fi okùn mẹ́jọ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò dákú láàárín ọ̀nà, kò sì ní ṣàlàyé tó yé ọmọ ènìyàn. Ẹ fún un ní méjì, ẹ lọ wá nǹkan jẹ. Àṣẹ tí wọ́n fi tú kóòdù náà sílẹ̀ kò ni yín lára, BSD ni: ẹ lè yí i bó ṣe wù yín, ẹ ṣáà má ṣe yọ àkọlé ẹ̀tọ́ àwọn tó kọ ọ́ kúrò.

RandomX, ìlànà ìṣirò kan, ni Monero ń fi máìnì (ìyẹn kí ẹ̀rọ máa ṣe ìṣirò kó lè rí blọ́ọ̀kù, kó sì gba owó tuntun) láti oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, nítorí kọ̀ǹpútà lásán tó wà nílé ń ṣe é, kò béèrè ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ọmọ ilé ìwé tó ní lápútọ́ọ̀pù àlòkù lè kópa. Ṣùgbọ́n ibi tó ti dára náà ló ti léwu fún owó kékeré. Bí ẹ bá lo RandomX bó ṣe wà gan-an, ẹnikẹ́ni tó ní àgbájọ ẹ̀rọ tó ń máìnì Monero lè yà sọ́dọ̀ yín ní ọ̀sán kan kó gbé gbogbo blọ́ọ̀kù. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Agbára kan tó pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ fíìfíì dé lóru, ìṣòro máìnì (bí ìṣirò rẹ̀ ṣe le tó) lọ sókè réré, nígbà tó sì lọ, àwa tó kù kò lè rí blọ́ọ̀kù fún wákàtí gbọọrọ. Ìdí ni pé ìṣirò Monero ń wo blọ́ọ̀kù 720 sẹ́yìn, tó jẹ́ ọjọ́ kan gbáko, kó tó mọ ibi tí ó yẹ kí ìṣòro wà. Fún ẹ̀ka ńlá, ìyẹn dára. Fún owó tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò tó nǹkan, ìnira ni. A pààrọ̀ rẹ̀ sí LWMA, ìṣirò tó tètè ń bá ìyípadà rìn tí ọ̀pọ̀ owó kéékèèké ń lò, a sì yí RANDOMX_ARGON_SALT (ọ̀rọ̀ tó ń mú kí ìṣirò owó kan yàtọ̀ sí ti òmíràn) padà kí ẹ̀rọ tó ń máìnì Monero má baà kàn yà sọ́dọ̀ wa láìtún nǹkan kan ṣe. Àwọn tó kọ RandomX gan-an ló gbani nímọ̀ràn pé kí owó kọ̀ọ̀kan lo tirẹ̀. Wownero, owó mìíràn tí wọ́n gé láti ara Monero, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2018, ti yí tirẹ̀ padà tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ iná. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Egbin kò jìnnà sí wa, 1,320 MW ni wọ́n kọ́ ọ láti máa pèsè, síbẹ̀ iná a máa lọ lọ́dọ̀ wa láìdágbére. Nóòdù, ìyẹn ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú LMDB (irú àká dátà kan), bó ṣe wà láti ilé sì ni pé ó ń fi ìyára ṣáájú ààbò. Bí iná bá lọ lójijì tí ẹ̀rọ kú, àkọsílẹ̀ náà lè bàjẹ́, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi --db-sync-mode safe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó máa falẹ̀ díẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Owó wa kéré, àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò gba àyè. Ti Monero fúnra rẹ̀ ni kì í ṣe ohun àmúṣeré, ó ti lé ní 200 GB, àfi kí èèyàn gé e kù.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀ lé e. Módẹ́ẹ̀mù tí à ń lò kì í fún wa ní àdírẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ tiwa nìkan, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló jọ ń pín ẹyọ kan, nítorí náà kò sí ẹni tó lè kanlẹ̀kùn láti ìta wọlé sí nóòdù wa. Bí gbogbo nóòdù inú ẹgbẹ́ bá wà bẹ́ẹ̀, wọn kò ní rí ara wọn. A ní láti háyà sáfà kékeré kan (kọ̀ǹpútà tó máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo) lókè òkun, kí a kọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sínú fáìlì net_node.inl bí ibi àpéjọ. Dọ́là la fi ń sanwó rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń gba orí Tor (ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ibi tí èèyàn wà pamọ́) lọ, kóòdù náà gbà á láyè láìsí wàhálà, mo sì gbóríyìn fún àwọn tó kọ ọ́ lórí ìyẹn.

Ìyá kan tó ni ilé ìtẹ̀wé kékeré ní Sàbó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba owó náà. Ọmọdé kan tẹ ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sanwó, fóònù dún. Ìyá fẹ́ fi owó náà san fún ẹni tó ń bá a tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, wálẹ́ẹ̀tì (áàpù tí owó náà wà nínú rẹ̀) kọ̀. Wọ́n pè mí.

“Ọmọ mi, wọ́n ní owó ti wọlé, wọ́n tún ní mi ò lè ná an. Ṣé owó ni àbí àwòrán owó?”

“Mọ̀mí, owó ni. Ẹ jẹ́ kó pé ogún ìṣẹ́jú, ẹ ó ná an.”

Bó ṣe rí nìyẹn: blọ́ọ̀kù mẹ́wàá gbọ́dọ̀ kọjá kí owó tó ṣeé ná, ṣéńjì tó padà sọ́wọ́ ẹni tó sanwó náà á sì tì pa bẹ́ẹ̀. Owó tí èèyàn fi máìnì rí tiẹ̀ tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, blọ́ọ̀kù 60, wákàtí méjì. Ìdí tó bọ́gbọ́n mu wà fún un, ṣùgbọ́n wálẹ́ẹ̀tì kò ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà. Ẹ̀sùn tí mo lè fi kan kóòdù náà nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn, mo ti kọ ìlà méjì Yorùbá sínú wálẹ́ẹ̀tì tiwa, tó ń sọ iye ìṣẹ́jú tó kù.

Ó wá kan àṣírí. Nígbà tí èèyàn bá sanwó nínú Monero láti oṣù Kẹjọ ọdún 2022, owó tó ń ná yóò dúró láàárín owó 15 mìíràn tí wálẹ́ẹ̀tì ṣà láti inú àkọsílẹ̀. Ẹni tó ń wò láti ìta yóò rí 16, kò ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Iye owó fara pamọ́, àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó gbà á náà fara pamọ́. Ó wuyì. Ṣùgbọ́n níbo ni 15 yẹn ti ń wá? Láti ara owó àwọn ẹlòmíì tó wà lákọsílẹ̀. Nínú owó wa, ìsanwó kò pọ̀, púpọ̀ nínú ohun tó wà lákọsílẹ̀ jẹ́ èrè máìnì láti ẹ̀rọ tí gbogbo wa mọ olówó rẹ̀. Mo jókòó ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo mú ìsanwó kan, mo wo àwọn 16 inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Èrè máìnì ni gbogbo wọn àfi ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ yẹn la ná. Mo bi ẹni tó ni ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Iye rẹ̀ ṣì pamọ́ fún mi, kóòdù kò kùnà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí owó gbà ti hàn.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló mú mi kọ̀wé. Ogunlọ́gọ̀ èrò ló ń bo ẹnì kan mọ́lẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré kò sì ní ogunlọ́gọ̀. A jíròrò pé kí ẹ̀rọ wa máa fi owó ránṣẹ́ sí ara wọn kí àkọsílẹ̀ lè kún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe ìyẹn ló mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀, yóò kàn yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò ni, òun nìkan ni yóò sì máa rí gbogbo wa kedere. Monero fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀: ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìsanwó ya lù ú lọ́nà tí kò ṣe déédéé, àwọn olùwádìí sì fura pé ẹnì kan ló ń da tirẹ̀ sínú agbo kí ìbòjú àwọn yòókù lè dín kù. Wọn ní èrò tó pọ̀, wọ́n rọ́nà gbé e gbà. Àwa kò ní. Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ wa: bí ọ̀rọ̀ rẹ bá jẹ́ èyí tí ẹlòmíì kò gbọ́dọ̀ mọ̀ rárá, lọ lo Monero, má lo tiwa.

Títọ́jú kóòdù náà kò sì ní ọjọ́ ìsinmi. Ní ọdún 2017, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Monero rí àléébù kan tó lè jẹ́ kí èèyàn dá owó láti inú afẹ́fẹ́ nínú gbogbo owó tó wá láti ara CryptoNote (ìlànà tí wọ́n fi kọ́ Bytecoin àti Monero). Wọ́n ti tún tiwọn ṣe kí wọ́n tó sọ ọ́ síta ní oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti lò ó lórí Bytecoin. Nínú owó tí iye rẹ̀ fara pamọ́, irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ lè wà láìsí ẹni tó mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gé kóòdù yìí gbọ́dọ̀ máa ka gbogbo àtúnṣe tó bá jáde lọ́dọ̀ wọn, kó sì gbé e wá sínú tirẹ̀ kíákíá. Bí kò bá sí ẹni tí yóò ṣe ìyẹn nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì fọkàn sí i pé ẹ ó tà á níbi kankan. Binance, ọjà kírípítò ńlá kan, yọ Monero gan-an kúrò ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2024. Òfin owó ìdókòwò tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2025 sì ti fi irú nǹkan báyìí sábẹ́ SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ará ìlú lórí rẹ̀, kó lọ bá lọ́yà kó tó bá oníkóòdù.

Ohun tó kàn fún wa báyìí ni FCMP++ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ fún Monero. Yóò mú owó 15 yẹn kúrò pátápátá, yóò sì fi gbogbo ohun tó wà lákọsílẹ̀ ṣe ìbòjú. Gbogbo tiwa kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n yóò sàn ju 16 lọ fíìfíì. Èdè kọ̀ǹpútà Rust ni wọ́n fi kọ apá kan nínú rẹ̀, èdè C++ sì ni gbogbo wa mọ̀, nítorí náà àwọn méjì nínú wa ti ń kọ́ ọ ní alaalẹ́, nígbà tí iná bá wà.