Ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lu ihò ológbò sára ilẹ̀kùn gíláàsì ní Òṣogbo

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, pàápàá jùlọ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú àwọn ilé ìgbàlódé tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn jẹ́ gíláàsì láti òkè délẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà nígboro yìí tó ń polówó ara rẹ̀ lórí WhatsApp pé kò sí ilẹ̀kùn gíláàsì tí òun kò lè lu ihò sí lórí ìdúró níbi tó wà, láìtú u kúrò nínú férémù, yálà fún fáànù tí ń fa èéfín jáde ni o, tàbí fún ọ̀nà tí ológbò yóò máa gbà wọlé. Irọ́ gbuu ni. Bí gíláàsì ilẹ̀kùn yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní tempered, ìyẹn gíláàsì tí wọ́n ti fi iná mú le, kò sí ẹni tó lè gé e mọ́ lẹ́yìn tí ó ti jáde nínú iná, ẹni tó bá sì sọ pé òun lè gé e, owó yín ló ń wá.

Ilé tèmi ni ọkùnrin yìí ti ṣọṣẹ́. Ohun tó fa sábàbí ni pé àwọn ekúté inú ilé àkọ́patì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò jẹ́ kí a gbádùn ilé ìdáná wa, nítorí náà a gba ológbò kan sílé, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un lóru, ẹ̀fọn yóò wọlé, a kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ejò kò ní tẹ̀lé e. Àbúrò mi tó wà ní Ìlú Ọba fi ilẹ̀kùn kékeré kan ránṣẹ́, irú èyí tí ẹranko náà yóò máa fi orí tì, tí yóò sì padé fúnra rẹ̀ bó bá ti kọjá. Ó ku ẹni tí yóò bá wa fi í sára gíláàsì.

Nígbà tí ọkùnrin náà dé, ó fi ìka kan gíláàsì wa, ó tẹ́tí sí i, ó ní, “Mọ́mì, gíláàsì lásán lèyí, iṣẹ́ wákàtí kan péré ni.” Mo nàka sí àmì tó wà ní igun ìsàlẹ̀ gíláàsì náà, mo ní ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ wo ìyẹn. Ó ní àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni, kò kan gígé. Gbogbo owó iṣẹ́ ló gbà kó tó mú ẹ̀rọ jáde, ó ní abẹ tí òun yóò fi gé e wọ́n. Ẹ̀rọ náà kò tíì jẹ gíláàsì wọnú dáadáa tí gbogbo rẹ̀ fi dún gbàmù, tó sì dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fọ́ wẹ́wẹ́ bíi hóró àgbàdo, ó kún ojú irin tí ilẹ̀kùn ń yọ̀ lé lórí, ó fọ́n ká dé abẹ́ àga. Bó ṣe fọ́ yẹn nìkan ti tó láti fi hàn pé tempered ni, kì í ṣe gíláàsì lásán tó pè é.

Ẹ gbọ́ ohun tó wá sọ. Ó ní gíláàsì wa ti gbó, ó ní ọyẹ́ ti mú un láti ọdún tó kọjá, ó ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọwọ́ òun ló fọ́ sí, kì í ṣe orí ọmọdé. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí inú má bí wa, òun yóò bá wa gbé tempered tuntun tó ti ní ihò lára wá ní iye tí òun fúnra òun ń rà á. Ilé wà ní ṣíṣí gbayawu, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Ta ni yóò sùn mọ́jú nínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn? Ibẹ̀ gan-an ni pańpẹ́ náà wà. Owó iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbà kéré. Orí gíláàsì kejì tí ẹ kò ní lè ṣàìrà ni èrè rẹ̀ wà. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, ó ti gbé òmíràn dé, ihò róbótó ti wà lára rẹ̀, bébà kékeré tí wọ́n kọ TEMPERED sí sì lẹ̀ mọ́ igun rẹ̀. Obìnrin kan tí mo mọ̀ ní apá Ògo-Olúwa sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yìí kan náà ni wọ́n sọ fún òun.

Gíláàsì kejì yìí kò pẹ́ kó tó tú àṣírí ara rẹ̀. Bébà igun rẹ̀ ṣí kúrò nígbà tí a fi aṣọ tútù nù ún. Lẹ́yìn èyí ni ó sán láti etí ihò ológbò, lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn skúrù tó di ilẹ̀kùn kékeré náà mú, ìlà sísán náà sì ń gùn lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kan férémù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ẹnì kan rọra fa ilẹ̀kùn náà, abala kan já bọ́ lára rẹ̀, ó gùn tó apá àgbàlagbà, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó sì gún kápẹ́ẹ̀tì níbi tí ọmọ ọmọ mi sábà máa ń jókòó sí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara mi ṣì ń bù máṣọ. Gíláàsì tempered kì í fọ́ báyẹn. Gíláàsì lásán ni ọkùnrin náà tà fún wa ní iye owó tempered, ó sì mọ̀ pé ilé tí ọmọdé wà ni òun ń gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe tempered, nítorí pé ẹni tó bá mọ ìyẹn yóò tètè dá irọ́ mọ̀. Gíláàsì lásán ni ó máa ń jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gé e sí ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́, wọ́n á lu gbogbo ihò tó yẹ kó wà lára rẹ̀, wọ́n á dán etí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó tì í sínú iná ìléru tó gbóná ju 600 dígírì Celsius lọ. Bó bá ti ń jáde, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i lójú méjèèjì. Ara òde rẹ̀ á yára tutù, á sì le nígbà tí inú rẹ̀ ṣì gbóná. Bí inú náà bá wá ń tutù tó ń súnkì, á máa fa ara òde mọ́ra, débi pé ojú gíláàsì náà yóò wà ní fífún pọ̀, inú rẹ̀ yóò sì wà ní fífà, títí ayé rẹ̀. Ohun tó mú kó lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin gíláàsì lásán tó nípọn bákan náà nìyẹn. Òun náà ló sì fà á tó fi jẹ́ pé bí abẹ bá la ara òde yẹn kọjá, gbogbo ipá tó há sínú rẹ̀ á tú jáde lẹ́sẹ̀ kan náà, kò sì ní sí apá kan tí yóò ṣẹ́ kù lórí ìdúró.

Ihò ni ó ń ṣáájú iná, iná kì í ṣáájú ihò. Ẹ wá ro ìlérí ẹni tó ní òun yóò gbé tempered tó ní ihò ológbò dé ní ọjọ́ kan náà tí tiyín fọ́. Ìgbà wo ló wọn férémù yín? Ìgbà wo ló gé gíláàsì, tó lu ihò, tó gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ tó ní ìléru, tó sì gbé e padà? Bó bá jẹ́ pé tempered ni lóòótọ́, a jẹ́ pé ó ti ní kí wọ́n ṣe é sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan tiyín, èyí tó túmọ̀ sí pé ó mọ̀ pé yóò fọ́. Bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, gíláàsì lásán ló gbé wá. Èyí tó wù kó jẹ́, oníjìbìtì ni.

Mo fẹ́ kó yé wa pé gíláàsì lásán ṣe é gé ní tòótọ́, àwọn tó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú pọ̀ nílùú yìí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí gbájú-ẹ̀ kan ba orúkọ àwọn ọmọlúàbí oníṣẹ́ ọwọ́ jẹ́. Òṣìṣẹ́ gidi yóò tú gíláàsì náà kalẹ̀, yóò tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó tẹ́jú, yóò fi abẹ yí i po, yóò sì rọra kàn án títí ti àárín yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n nínú ìdájọ́ tèmi, gíláàsì lásán kò yẹ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí ọmọdé ń sáré gbà kọjá, ká má tíì sọ èyí tí wọ́n ti lu ihò ńlá sí lára. Púpọ̀ nínú àwọn ilẹ̀kùn ológbò tí wọ́n ṣe fún gíláàsì ló ń béèrè ihò tó fẹ̀ ju 20 sẹ̀ntímítà lọ, ihò bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ etí. Ní ti gíláàsì alábala méjì tí wọ́n sé atẹ́gùn mọ́ láàárín, kò ṣe é lu rárá, nítorí pé ọ̀rinrin yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì di kùrukùru. Inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó ní ihò.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wo igun gíláàsì yín fínnífínní. Àmì tempered gidi máa ń wà lára gíláàsì fúnra rẹ̀, wọ́n fín in tàbí wọ́n sun ún mọ́ ọn, èékánná kò lè hó o, omi kò sì lè ṣí i. Bébà tó lẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Bí ẹ kò bá rí àmì, ẹ má tíì pinnu pé gíláàsì lásán ni, nítorí pé férémù lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wá awò ojú oòrùn tí wọ́n kọ polarized sí, ẹ fi wo gíláàsì náà ní ìhà tí ojú ọ̀run wà, kí ẹ sì rọra máa yí orí: bí ẹ bá rí àmì tótòtó tàbí ìlà ṣíṣú tí ń hàn tó ń pòórá, tempered ni. Ẹni tó bá sì ní fífi ìka kàn án ni òun fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò la ti gíláàsì lọ, òun ni mo sì fara mọ́ jùlọ. Káfíńtà lè fi ayùn gé ihò sára ilẹ̀kùn onípákó ilé ìdáná, bí a ti ṣe ṣe é nílé wa nígbẹ̀yìn, kí ìsàlẹ̀ ihò náà ga tó nǹkan bí 15 sẹ̀ntímítà sílẹ̀ kí ikùn ológbò lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bíríkìlà lè la ògiri ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ dandan pé ẹnu ilẹ̀kùn gíláàsì yẹn náà ni, ẹ sọ fún oníṣẹ́ alùmíníọ̀mù pé kó fi irin dá férémù sí méjì, kí ìsàlẹ̀ jẹ́ alùmíníọ̀mù tí ilẹ̀kùn kékeré náà yóò wà lára rẹ̀, kí òkè nìkan sì jẹ́ gíláàsì. Ẹ rántí pé tempered ògbólógbòó yín kò ṣe é dín kù láti bá òkè yẹn mu. Tuntun ni ẹ ó ní kí wọ́n ṣe.

Ní ti owó, ẹ má san gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù kí ẹnu òṣìṣẹ́ náà dùn tó. Kí rìsíìtì sọ irú gíláàsì tí ẹ rà, bó ti nípọn tó ní mìlímítà, bí ihò rẹ̀ ti fẹ̀ tó, ibi tí wọ́n ti ṣe é, àti ẹni tí yóò ru ẹrù rẹ̀ bó bá fọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó kọ̀ láti kọ “tempered” sínú rìsíìtì lẹ́yìn tó ti fi ẹnu sọ ọ́, kò ní tempered láti tà.

Bí ọkùnrin yìí bá ti lu ẹnì kan nínú yín ní jìbìtì, ẹ má da àfọ́kù gíláàsì náà nù, nítorí pé bó ṣe fọ́ ni ẹ̀rí tó lágbára jùlọ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ WhatsApp àti ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ pamọ́, kí ẹ sì kọ ẹ̀sùn yín ránṣẹ́ sí àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà. Òfin náà kò fàyè gba kí oníṣòwò pe ọjà ní ohun tí kì í ṣe. Tèmi ti wà ní kíkọ, bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀sùn wa pọ̀ lórí ẹnì kan ṣoṣo, yóò ṣòro fún un láti sọ pé ọyẹ́ ló ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó fún un tí kò sì tíì fọwọ́ kan gíláàsì yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lónìí pé ẹ ti fagi lé iṣẹ́ náà, ẹ béèrè owó yín padà, ẹ má sì jẹ́ kó tún gbé ẹ̀rọ wọlé yín.