Bínókúlà 8×42 mi lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá létí òkun Àgbádárìgì

Kí n tó sọ ohun tí bínókúlà yìí, awò olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà, lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ń lò ó. Létí òkun ni. Sátidé méjì láàárín oṣù, màá wọ mọ́tò ní Mile 2 lọ sí Àgbádárìgì, màá wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí Gberefu, màá wá fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oníyanrìn tó gba àárín igi àgbọn kọjá, ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà nígbà náà lọ síbi tí wọn ò ti ní padà wá mọ́. Bí mo bá ti yọ sí òkun, ẹyẹ ni mo wá wò.

Ẹyẹ etíkun ò dà bí ẹyẹ inú igbó. Ẹlúlùú, àtíòro, òpẹ̀ẹ̀rẹ̀, ẹni tó dàgbà sábúlé á ti gbọ́ ohùn wọn kó tó rí wọn. Ti etíkun, ìgbì ti bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jìnnà, ó funfun, inú ìmọ́lẹ̀ tó ń ta síni lójú ló sì ti ń fò. Ẹni tí kò ní awò lọ́wọ́, lékeléke ni yóò pe gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú àwọn funfun tó dúró jọ lórí yanrìn yẹn, ọ̀kan lè jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkejì kó jẹ́ ọmọ etíkun Mauritania, kí ìkẹta sì ti Namibia wá.

Bínókúlà tí mo kọ́kọ́ rà kọ́ nìyí. Ti àkọ́kọ́, wọ́n kọ 60×60 gàdàgbà sára rẹ̀, ẹni tó tà á fún mi sì búra pé mo lè fi ka nọ́ńbà ọkọ̀ lókè òkun. Bí mo bá gbé e sójú, nǹkan kan á di méjì, ojú ọ̀tún ń rí tiẹ̀, ojú òsì ń rí tiẹ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n orí á ti máa fọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kùrukùru ti bo inú rẹ̀. Mo gbé e padà, ẹni náà ní mo ti ta omi sí i. Owó yẹn gbé.

Ọdún kan gbáko ni mo fi tún owó tù jọ kí n tó ra èyí tí mò ń sọ yìí, ₦172,000. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi, ohun tó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n wò ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 8, ni iye ìgbà tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ìkejì, 42, ni ìbú gíláàsì ńlá iwájú, ní mìlímítà. Ìkejì yìí ni àwọn èèyàn kì í bìkítà fún, òun gan-an ló sì ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹ pín 42 sí 8, ẹ ó rí i pé ó lé díẹ̀ ní 5: ìbú ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde wọ ojú yín nìyẹn, mìlímítà márùn-ún. Láfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí ọmọlójú bá là, ìmọ́lẹ̀ yẹn tó o dáadáa. Ká tiẹ̀ ní 60×60 yẹn kì í ṣe irọ́, mìlímítà kan péré ló máa gbé jáde, òkùnkùn lẹ ó sì máa wò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dán èyíkéyìí wò lọ́wọ́ oníṣòwò, ẹ nà án síwájú yín, ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run, kẹ́ ẹ wá wo àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré tó wà nínú ibi tí à ń gbójú sí. Bó bá rí róbótó láìkù síbì kan, gíláàsì inú rẹ̀ dára. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá dà bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, tó ní igun bíi ti páálí, ẹ dá a padà fún un.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò ra èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́nà 10. Atẹ́gùn òkun ni. Ohun tó ń sọ ẹyẹ di ńlá náà ló ń sọ ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ di ńlá. Mo yá 10×42 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jọ́ kan, ẹyẹ tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jó, mi ò sì lè sọ àwọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú 8, mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti àyà, mo mí jáde díẹ̀díẹ̀, ẹyẹ náà dúró gbọn-in.

Èmi tí mo ń lo awò ojú, mo yí rọ́bà ibi ìgbójúsí wọlé pátápátá, mo sì ń rí gbogbo àwòrán láìyọ awò mi. Òrùka kékeré tó wà lápá ọ̀tún, tí wọ́n fi ń mú ojú méjèèjì bára dọ́gba, le dáadáa, kì í yẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú àpò.

Ó yá, ẹyẹ. Tern ni òyìnbó ń pe àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀: ara wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ́ apá wọn gùn, ìrù wọn là sí méjì bíi ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Àgógó ẹnu ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ọjọ́ tí àwọn ará Ègùn ń fa àwọ̀n ńlá wá sórí yanrìn, bí ogójì ẹyẹ ló dúró nítòsí. Mo gbé bínókúlà, mo tò ó láti ọ̀tún sí òsì. Àwọn tó sanra jù, àgógó wọn pọ́n bí ọsàn: West African Crested Tern, tí wọ́n ń pè ní Royal Tern ti ìhà tiwa níbí tẹ́lẹ̀, tí ń pamọ sórí àwọn erékùṣù oníyanrìn láti Mauritania dé Guinea. Àwọn tó kéré sí wọn díẹ̀, àgógó wọn dúdú, ṣùgbọ́n góńgó orí rẹ̀ nìkan pọ́n rúsúrúsú, àfi bíi pé wọ́n tì í bọ inú ọ̀dà. Sandwich Tern nìyẹn, ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti wá sá fún òtútù. Góńgó yẹn ò tó èékánná ọmọ ìkókó. Ní nǹkan bí ọgọ́ta mítà, mo rí i kedere.

Bàbá apẹja kan wá dúró tì mí. Mo kí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Kí lò ń wò níbẹ̀?"

Mo gbé okùn náà bọ̀ wọ́n lọ́rùn, mo fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe máa yí i. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ẹnu wọn ò bára mu! Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀ lé wọn lọ síbi tí ẹja wà, mi ò mọ̀ pé ẹnu wọn ò bára mu." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé, Bàbá yìí á ti sọ ibi tí ẹyẹ tí wọn ò mọ̀ bà sí fún mi.

Bàbá náà ni wọ́n fi ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n jù hàn mí. Nínú oṣù kẹjọ ni. Ẹyẹ kékeré kan wà lókè ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ó ń lu apá kíákíá lójú kan, á já lulẹ̀ ṣòòròṣò, á tún gòkè. Damara Tern sọ sí mi lọ́kàn. Namibia ni púpọ̀ nínú wọn ti ń pamọ. Nígbà òtútù tọ̀hún, wọ́n á gòkè wá sí etíkun wa. Ṣùgbọ́n Little Tern náà kéré báyìí, tiẹ̀ náà sì lè dúdú lẹ́nu nígbà tí kì í ṣe àsìkò ìpamọ. Mo tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú méjìlá. Àgógó náà dúdú láti ìdí dé góńgó, ó gùn, mo sì rò pé ó tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. "Mo rò pé" kò tó. Mo fi fóònù ya àwòrán láti ojú bínókúlà, kò mọ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fi àmì ìbéèrè tì í.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mẹ́ta nínú wọn bà sórí yanrìn. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìmọ́lẹ̀ tútù, kò sí ooru tó ń mú àwòrán gbọ̀n. Mo dojú bolẹ̀, mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé yanrìn. Ìyẹ́ dúdú orí ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo iwájú orí rẹ̀ tán dé ìdí àgógó. Ti Little Tern, funfun ló máa ń wà níbẹ̀, kódà nígbà ìpamọ. Àgógó náà sì tẹ̀ sílẹ̀, mo rí i láti ẹ̀gbẹ́, ó tẹ̀. Mo fa àmì ìbéèrè yẹn rẹ́. Kí n má purọ́, ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo ń fà á rẹ́.

Mo ń lo Merlin, áàpù tí wọ́n fi ń dá ẹyẹ mọ̀, lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni, àwọn yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. Ó ń bi èèyàn ní ibi tó wà, ọjọ́, bí ẹyẹ náà ṣe tóbi tó, àwọ̀ rẹ̀, ohun tó ń ṣe, á wá to àwọn tó ṣeé ṣe kó jẹ́ sílẹ̀. Ìbéèrè dáadáa ni. Bínókúlà ló ń bá mi dáhùn èyí tó jẹ mọ́ àwọ̀.

Àwọn àléébù rẹ̀ rèé. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹyẹ funfun, ìlà elésè àlùkò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń yọ yí etí ara rẹ̀ ká, ó sì lè tan èèyàn jẹ nípa àwọ̀ ìyẹ́. Ẹ̀gbẹ́ àwòrán ò mọ́lẹ̀ bí àárín. Ìdérí gíláàsì iwájú já bọ́ sínú ọ̀sà lóṣù kejì tí mo rà á. Rọ́bà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lóṣù kẹjọ tí mo ti ń lò ó, mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò fèsì. Okùn ọrùn rẹ̀ ni mo bínú sí jù. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015 ń fẹ́ kéèyàn fi wákàtí méjì ó kéré tán ka ẹyẹ nínú ilẹ̀ kan tó fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́sàn-án níbùú lóròó. Ẹ gbé ohun tó wúwo tó gíráàmù 700 kọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì, ọrùn á sọ. Mo ra okùn èjìká, ó tán níbẹ̀.

Èyí tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀: mo rí òrùka lẹ́sẹ̀ Sandwich Tern kan, irú èyí tí wọ́n ń fi sẹ́sẹ̀ wọn ní Yúróòpù láti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo rí i tó ń dán, mi ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Awò ńlá tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́nà 20 sí 60, ló máa ń ka irú ìyẹn.

Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí mo bá délé, mo máa ń fẹ́ yanrìn kúrò lára gíláàsì ná, mo tún fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ gbá a. Lẹ́yìn ìyẹn, màá fi aṣọ tí mo rì sínú omi tútù tó mọ́, tí mo fún, nu gbogbo ara rẹ̀. Ẹ má fi etí ẹ̀wù nu gíláàsì gbígbẹ láé, yanrìn kan ṣoṣo á ha á títí ayé. Inú ike onídèérí ló ń sùn, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tí ń fa ọ̀rinrin, èyí tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà. Oṣù kọkànlá tí mo ti ń lò ó rèé, kùrukùru kankan ò tíì wọ inú rẹ̀.

Bó bá sọ nù lónìí, irú rẹ̀ náà ni màá tún rà, pẹ̀lú okùn èjìká láti ọjọ́ àkọ́kọ́.