Ẹ̀rọ tí mo fi bílíìdì bíréèkì Hilux mi: ibi tó wúlò dé, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe, ẹ ra ẹ̀rọ yìí. Bílíìdì ni kí á lé afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù ọ́ìlì bíréèkì jáde. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tí kò ráyè ka ọ̀rọ̀ gígùn lè máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ráyè, kó jókòó, torí ọ̀rọ̀ náà ní “àmọ́” nínú. Bíréèkì tó bá ti ya olórí kunkun, ẹ̀rọ kan kì í dá a mú bọ̀ sípò. Tèmi ya olórí kunkun gan-an, ìgbà tí ẹ̀rọ yìí sì wúlò fún mi jù ni ìgbà tó lé afẹ́fẹ́ tán nídìí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí pẹ́dà ṣì ń wọlẹ̀, tí mo wá mọ̀ dájú pé ibòmíràn ló yẹ kí n wò.

Hilux 4x4 àtijọ́ ni ọkọ̀ náà, bíréèkì díísì níwájú, ti dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn, kò ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì). Mo ti gbé sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ sókè nítorí ọ̀nà oko kòkó wa lẹ́yìn Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Bí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, ẹrẹ̀ pupa á gbé táyà mì dé ìdajì, kùkùté igi á sì wà lábẹ́ omi tí ojú ò rí. Irú kùkùté bẹ́ẹ̀ ló fa ròbà bíréèkì ẹ̀yìn já. Ọ́ìlì ṣàn dànù títí ike orí màsítà (ibi tí pẹ́dà ti ń ti ọ́ìlì lọ sídìí táyà) fi gbẹ. Ròbà tuntun ò wọ́n, wọ́n sì tètè fi í sí i. Bíréèkì ló kọ̀ tí kò padà. Mẹkáníìkì kan bílíìdì ẹ̀ títí ó fi sú u. Òmíràn bílíìdì ẹ̀, ó ní màsítà ti kú, kí n lọ wá tòkunbọ̀ rẹ̀ ní Àràrọ́mí, n’Ìbàdàn. Owó màsítà yẹn ni mo fi ra ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá ti rí ike tí wọ́n fi ń fín oògùn sí kòkó rí, ẹ ti mọ bó ṣe rí. Ike kékeré ni, ó gbà tó lítà mẹ́ta. Ọwọ́ pọ́ọ̀ǹpù wà lórí rẹ̀, gééjì wà lára rẹ̀ tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe le tó, ròbà tó mọ́ gaara sì jáde láti ara rẹ̀ tòun ti ìdérí lẹ́nu. Ìdérí yẹn lẹ máa yí mọ́ ẹnu ike ọ́ìlì orí màsítà, dípò èyí tó bá ọkọ̀ wá. Ẹ pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ á máa ti ọ́ìlì láti òkè, ẹ lọ sídìí táyà, ẹ tú níípù (bóòtù kékeré oníhò tó wà níbẹ̀), ọ́ìlì á máa ṣàn jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù. Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe tèmi, kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára rẹ̀, nítorí náà mi ò ní orúkọ tí mo lè pè fún yín.

Ẹ ò nílò ẹnikẹ́ni tí yóò bá yín tẹ pẹ́dà. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ á kígbe, “Pọ́ọ̀ǹpù ẹ!” Ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́, á tún un tẹ̀. “Dì í mú!” Níípù á ṣí, ọ́ìlì á tú jáde, pẹ́dà á wọlẹ̀. “Má tíì gbẹ́sẹ̀ o!” Ó ti gbẹ́sẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó jáde ti padà wọlé, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ọmọkùnrin mi ló máa ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìgbà kan tí mo dákẹ́ díẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, mo kàn gbọ́ tó ní, “Dádì, ṣé ẹ ò tíì sùn lọ?”

Àmọ́ ìnira kọ́ ló burú jù nínú pẹ́dà títẹ̀. Màsítà tó ti pẹ́, ojú ibi kan náà ni ròbà inú rẹ̀ ń rìn lójoojúmọ́, ibẹ̀ á sì máa dán. Iwájú ibẹ̀, níbi tí ròbà kì í dé, ìpẹtà àti ìdọ̀tí ti gbà á. Bí ẹ bá wá ń ti pẹ́dà kanlẹ̀ léraléra nítorí pé ẹ fẹ́ bílíìdì, ròbà á máa gun orí ìpẹtà yẹn títí yóò fi ya. Ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ lásán gbé dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì á wá ní màsítà tó kú lóòótọ́. Ká ní èyí nìkan ni ẹ̀rọ yìí gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀, mà á ṣì rà á.

Ìwé tó bá a wá ní kí n da ọ́ìlì tuntun sínú ike ẹ̀rọ náà. Mi ò dà á. Afẹ́fẹ́ nìkan ni mo ń fi sí i. Mo rọ ọ́ìlì kún ike màsítà dé àmì òkè, mo sì ń dá iṣẹ́ dúró láti bù kún un kó má bàa gbẹ. Ìdí ni pé bí ọ́ìlì bá wà nínú ẹ̀rọ, tí ìdérí sì jò, orí ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀ ló máa dà sí, ọ́ìlì bíréèkì sì ń bó ọ̀dà ọkọ̀ bí ẹ ò bá tètè fi omi ṣàn án. Ìdérí tèmi sì jò. Ròbà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Mo gé òmíràn tó nípọn láti ara túùbù, ó sì dákẹ́. Ìdérí onísẹ́ẹ̀nì tí wọ́n ní ó bá gbogbo ọkọ̀ mu, tí wọ́n fi kún un, ẹ kàn jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

15 psi ni mo máa ń fún un, mi ò kọjá ibẹ̀. Ẹ lè fi agbára pọ́ọ̀ǹpù ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ike ọ́ìlì tó ti gbó lè sán mọ́ yín lójú. Kí ẹ tó tú ìdérí, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ jáde tán.

Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jìnnà sí màsítà jù. Mo ki ròbà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu níípù, mo fi etí rẹ̀ kejì sínú ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ wà nídìí rẹ̀, mo fi sìpánà 10 tú u díẹ̀. Ọ́ìlì dúdú ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ìhó kéékèèké, lẹ́yìn náà ọ́ìlì tó mọ́. Mo ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀, èmi nìkan, láìpe ẹnikẹ́ni. Pẹ́dà gòkè díẹ̀, kò sì gòkè tó. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ìkejì á ga, síbẹ̀ á ṣì máa rọ̀.

Kí n sọ ohun tí ẹsẹ̀ mi ti kọ́. Pẹ́dà tó rọ̀, tó ń ṣe bíi kànìnkànìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ wà níbì kan. Èyí tó ga tó sì le, ṣùgbọ́n tó ń yọ́ wọlẹ̀ bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lé e láìgbé e kúrò, màsítà ni kí ẹ fura sí. Èyí tó wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, tó ga lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣúù ẹ̀yìn (èyí tó ń tẹ dúrọ́ọ̀mù mú láti inú) ló ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Mo gbé ẹsẹ̀ lé tèmi pẹ́, kò yọ́. Màsítà tí wọ́n ti sìn yẹn ṣì wà láàyè.

Ibi tí afẹ́fẹ́ fara pa mọ́ sí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní Toyota irú èyí mọ̀. Lápá ẹ̀yìn, lókè áásù (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), fáàfù kan wà tí irin gígùn so mọ́ áásù. Bí ẹrù bá wọ ọkọ̀, ẹ̀yìn á wálẹ̀, irin yẹn á ti fáàfù, bíréèkì ẹ̀yìn á sì lágbára sí i. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, fáàfù á dín agbára náà kù kí táyà ẹ̀yìn má bàa há lójijì. Tèmi ní níípù tirẹ̀ lórí, ẹrẹ̀ gbígbẹ sì ti bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó rí i, ká má tíì sọ pé wọ́n tú u. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin há a, mo fi epo sí i títí tó fi gbà. Nígbà tó ṣí, ìhó tú sínú ìgò, ó dákẹ́, ọ́ìlì ṣàn díẹ̀, ìhó tún tú, ńlá ńlá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń bílíìdì táyà, ibẹ̀ ló jókòó sí.

Bí ẹ ṣe gbé ọkọ̀ sókè náà ṣe pàtàkì. Bí jáàkì bá wà lábẹ́ ṣásí, áásù á máa rọ̀ dirodiro, fáàfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo pátápátá, á sì fún ọ́ìlì ẹ̀yìn pa. Abẹ́ áásù gan-an ni kí ẹ gbé e lé. Ẹni tó bá sì ti gbé sípíríǹgì sókè bíi tèmi, irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń pa fún fáàfù lójoojúmọ́, àfi bó bá tún irin yẹn tò. Mo tún tèmi tò.

Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ kékeré. Mo fi sukurudíráfà yí ọ̀pá eléyín inú dúrọ́ọ̀mù láti ihò ẹ̀yìn rẹ̀, títí ṣúù fi ń ha dúrọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ bí mo ṣe ń yí táyà. Pẹ́dà dúró sókè ní ìtẹ̀ àkọ́kọ́.

Mo ti lo èyí tó ń fa ọ́ìlì láti ìdí níípù rí, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀. Ó rọjú, àmọ́ ó máa ń fa afẹ́fẹ́ gba ara bóòtù níípù wọlé, ìhó inú ròbà ò sì ní tán láéláé. Ẹ ò ní mọ èyí tó ti inú bíréèkì wá. Ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì láti òkè kì í fi irú iyèméjì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ò lè ran ẹni tí wọ́n fi kálípà (èyí tó ń di díísì mú) ọ̀tún sí òsì fún lọ́wọ́. 4Runner aládùúgbò mi nìyẹn: níípù wà nísàlẹ̀ kálípà, afẹ́fẹ́ sì wà lókè, níbi tí kò ti sí ọ̀nà. Ká ti ọ́ìlì títí di ọ̀la, ibẹ̀ náà ni yóò wà.

Ọ́ìlì DOT 4 ni mo rọ sí i; DOT ni wọ́n fi ń pe ìpele ọ́ìlì bíréèkì. DOT 3 tuntun gbọ́dọ̀ lè gba ooru dé 205°C kó tó hó, àmọ́ ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bó bá sì ti mu omi, ìwọ̀n náà lè wálẹ̀ sí 140°C. Ti DOT 4 jẹ́ 230 àti 155. Ẹ má po DOT 5 mọ́ ọn. Sílíkóònì nìyẹn, wọn ò bára mu. Ìgò tó ti ṣí sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ má rọ ọ́ sí bíréèkì. Mo di ẹrù sẹ́yìn, mo sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè lọ sí ọ̀nà Èrìnmọ̀, níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kì í ti í dákẹ́ bọ̀rọ̀. Ibi tí pẹ́dà wà nígbà tí mo wà lórí òkè náà ló ṣì wà nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ò sì fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ní ABS, kó mọ̀ pé àwọn kan wà tí afẹ́fẹ́ inú pọ́ọ̀ǹpù ABS wọn ò ní jáde àfi kí wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ẹ̀rọ yìí nìkan ò tó irú wọn. Ẹni tó bá sì ń rà á, kó ya àwòrán ìdérí ike màsítà rẹ̀, kó wọn fífẹ̀ ẹnu rẹ̀, kó fi han ẹni tó ń tà á kó tó sanwó, torí ìdérí tí kò bá bá a mu á sọ gbogbo ìyókù di òfo.