Ọdún mẹ́ta pẹ̀lú Labrador: ohun tí mo rí kí ẹ tó yan ajá àkọ́kọ́ yín

Mo máa ń sáré láàárọ̀, mo sì máa ń gun òkè nígbàkígbà tí àyè bá gbà mí. Nígbà tó wù mí láti sin ajá fún ìgbà àkọ́kọ́, ajá tí àárẹ̀ kì í mú ni mò ń wá. Ẹ̀yà ajá tí wọ́n ń pè ní Border Collie ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú, lẹ́yìn náà ni Husky. Labrador ni mo padà mú, abo, mo sì ti ń bá a gbé fún ọdún mẹ́ta.

Ìyá àgbà kan tó ti ń sin ajá tipẹ́tipẹ́ ló yí mi lọ́kàn padà. Ó bi mí pé, "Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tàbí tí ara rẹ ò bá yá, kí ni ajá yẹn á máa ṣe?" Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà." Ó ní kí n lọ wá ìdáhùn yẹn kí n tó mú ajá kankan.

Mo wá yá Border Collie ọ̀rẹ́ mi kan. A sáré fún wákàtí kan àtààbọ̀. Bí a ṣe délé, èmi sùn gbalaja, òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn ọmọdé ilé jọ sí igun yàrá bí ẹni ń da àgùntàn. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ bí i náà nìyẹn, ní ààlà Ẹ̀ńgílándì àti Scotland. Eré ti tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́rùn, ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń wá iṣẹ́. Ajá gidi ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń kọ́ ajá ló yẹ ẹ́. Ti Husky tún yàtọ̀. Àwọn ẹ̀yà Chukchi ní Siberia, ní Rọ́ṣíà, ló ń fi í wọ́ ẹrù lórí yìnyín látijọ́, ọ̀nà jíjìn ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí okùn bá ti já lọ́wọ́ ẹ, ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Labrador ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn baba ńlá rẹ̀ bá àwọn apẹja ṣiṣẹ́ ní Newfoundland, ní Kánádà, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ di ajá ọdẹ ní Britain, tó ń lọ gbé ẹyẹ tí wọ́n yìnbọn pa, kódà nínú omi. Ajá ọdẹ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ olówó rẹ̀ títí tó fi máa rán an níṣẹ́. Ibi tí mo ti rí ìdáhùn ìbéèrè ìyá àgbà nìyẹn. Lọ́jọ́ òjò, èmi àti ajá mi á ṣeré díẹ̀ nínú ilé, á wá ká jọ sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ó tún fẹ́ràn oúnjẹ, èyí ló mú kó rọrùn láti kọ́. Gbogbo àṣìṣe ẹni tí kò sin ajá rí ni mo ṣe sí i, kò sì dì mí sínú.

Àṣìṣe kan wà tó ṣì ń dùn mí. Ó pé oṣù márùn-ún, ara rẹ̀ ń ta, mo sì mú un sáré gígùn lórí títì ọlọ́dà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń tiro. Dókítà ẹranko ṣàlàyé fún mi pé etí egungun ajá ńlá tó ń dàgbà kì í le tán títí dìgbà tó bá pé bí oṣù 12 sí 18. Ẹ jẹ́ kó máa sáré fúnra rẹ̀ lórí koríko, kó sinmi nígbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ẹ má fipá bá a sáré. Odidi ọdún kan ni mo fi dá nìkan sáré. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi kí n tó mú un.

Ìbàdí ńkọ́? Àìsàn ìbàdí wọ́pọ̀ nínú ẹ̀yà yìí, ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán egungun bàbá àti ìyá ọmọ ajá náà hàn yín. Ẹnìkan tó ń ta ọmọ ajá, tí mo kọ́kọ́ lọ bá, ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, mo bá kúrò níbẹ̀.

Oúnjẹ ni ìjà wa ojoojúmọ́. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge rí i pé àwọn Labrador kan ní àbùkù nínú jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) tó ń jẹ́ POMC, èyí tó ń mú kí ebi máa pa wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Mo máa ń wọn oúnjẹ tirẹ̀, bó ti wù kó wò mí tó. Irun rẹ̀ ń re jálẹ̀ ọdún láìsinmi, ó sì ti jẹ bàtà mẹ́rin kó tó gbọ́n. Ooru sì wà: ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí gúlegúle ló fi ń tu ara rẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, a ò sáré mọ́.

Nísinsìnyí, kìlómítà mẹ́wàá kò tó nǹkan fún un, àárín omi sì ni inú rẹ̀ ti ń dùn jù. Ẹni tó ń fi ilé sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má mú un, ó kórìíra kó dá wà. Bí mo bá tún máa mú òmíràn, Labrador náà ni, ṣùgbọ́n èyí tó ti pé ọdún méjì tí ẹni tó ni ín ò lè tọ́jú mọ́: egungun rẹ̀ á ti gbó, ìwà rẹ̀ á ti hàn, mi ò sì ní í dúró dọdún kan kí a tó jọ sáré.