Arère, afárá tàbí páláíwúùdù: èwo ló bá owó àti iṣẹ́ yín mu?

Bí ẹ bá dé ọjà pákó ní Dei-Dei, ní Àbújá, ẹ má tíì bèèrè iye owó. Ẹ gbé pákó méjì tó jẹ́ irú igi kan náà, tí wọ́n tóbi dọ́gba, wò, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì. Èyí tó wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù rinrin, ẹ fi í sílẹ̀. Ọyẹ́ Àbújá kì í dá igi tútù sí.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Afárá ni mo rà nígbà òjò, ẹni tó tà á fún mi ní ó ti gbẹ. Tábìlì ìjẹun ni mo fi kàn. Kó tó di Oṣù Kìíní, ojú rẹ̀ ti sán láti etí dé àárín, ìka ọmọ mi kékeré wọ ibẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí afárá kì í ṣe igi burúkú: ó le ju arère lọ, ìṣó a máa dúró nínú rẹ̀, fáníṣì sì máa ń mú un dán. Ẹsẹ̀ tábìlì, bẹ́ẹ̀dì, àga, afárá ni kí ẹ fi ṣe, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni kó jẹ́.

Arère kò wọ́n tó afárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igbó gúúsù ni àwọn méjèèjì ti ń wá, tí owó ọkọ̀ sì wà lórí wọn. Ó fúyẹ́, ayùn ọwọ́ a máa gé e bí ẹni gé iṣu. Òun ni mo fẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: pẹpẹ ìwé, dúróò, férémù àwòrán. Ikán fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó fara kan ilẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọ̀ búlúù lára rẹ̀, ọ̀rinrin ti pẹ́ lára rẹ̀ rí nìyẹn; ọ̀dà ni kí ẹ kùn ún, fáníṣì kò ní bò ó.

Páláíwúùdù ńkọ́? Odidi kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Owó rẹ̀ lè bà yín lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò iye pákó tí ẹ máa lẹ̀ pọ̀ kó tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìpele tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi dábùú ara wọn ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ kì í fi í là á. Bí mo bá tún máa kan tábìlì yẹn, páláíwúùdù lojú rẹ̀, afárá lẹsẹ̀. Ẹ ṣáà fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ di etí rẹ̀ kí omi má baà wọlé.

Ìrókò àti apá? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn ìta.

Ẹ mú téèpù dání, nítorí pákó tí wọ́n pè ní íǹṣì kan lè má pé. Bó bá sì jẹ́ tútù nìkan lẹ rí rà, ẹ tò ó sí ibòji, ẹ fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá, kí ẹ má sì fi ayùn kàn án títí ọyẹ́ yóò fi fẹ́ tán.