Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jò lóru ọjọ́ tí gáòtì dè mí mọ́lẹ̀

Aago méjì òru ni mo gbọ́ ọ: tó… tó… tó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo rà pẹ̀lú gbogbo èlò tí mo fi ń pọn bíà nílé ló ń jò. Láti ìrọ̀lẹ́ ni gáòtì, àrùn oríkèé, sì ti mú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi; ó wú, ó pọ́n, ó ń gbóná, aṣọ ìbora gan-an ò gbọdọ̀ kàn án. Ìdí ni mo fi wọ́ dé ibẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀hún sókè bí ẹni gbé ẹyin. Mo fi abọ́ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́, mò ń da ọtí tí kò tíì tó mu nù.

Ilẹ̀ mọ́, mo pe ilé iṣẹ́ tó tà á. Ọkùnrin tó gbé fóònù ní kí n fi rìsíìtì ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Ó ní kí n ya fídíò. Mo yà á. Ó wá ní nọ́ńbà kan wà nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí n dojú ẹ̀ dé, kí n ya fọ́tò rẹ̀. Lítà 20 ló wà nínú rẹ̀ o! Mo ní, "Ọ̀gá, ọtí wà nínú ẹ̀." Ó ní, "Ìlànà wa nìyẹn, sà." Mo tún bi í nípa ohun tí wọ́n kọ sára páálí, pé ọtí téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ pọn kì í yọ ara lẹ́nu, torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe rà á. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé kò sí kẹ́míkà níbẹ̀.

Irọ́ gbuu. Purine, èròjà kan tó wà nínú oúnjẹ, ló ń dá gáòtì sílẹ̀: ara á sọ ọ́ di uric acid, tí ìyẹn bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á dì bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ sínú oríkèé. Ọkà bálì àti yíìsì ló ń gbé e wá sínú bíà, agbára ọtí náà kì í sì í jẹ́ kí kíndìnrín rí uric acid tì jáde dáadáa. Kódà bíà tí kò ní agbára ọtí ní purine. Téèyàn bá wá pọn tiẹ̀ nílé láìsẹ́ ẹ, yíìsì ibẹ̀ á tún pọ̀ sí i.

Mo tún pè lọ́sàn-án. Ọmọbìnrin kan ló gbé e. Mo kérora bí mo ṣe ń sún ẹsẹ̀, ó sì dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ṣé ẹ ti rí ibi jókòó?" Ibẹ̀ ni inú mi ti rọ̀. Ó ní àwòrán inú ìwé wọn ló kù díẹ̀ káàtó: wọ́ṣà kan ṣoṣo yẹn, ìyẹn rọ́bà róbótó tí kì í jẹ́ kó jò, ìta ló yẹ kó wà, láàárín ẹnu ẹ̀rọ àti ara bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí n má ki ọwọ́ bọ inú ọtí o. Òun á fi ẹnu ẹ̀rọ míì ránṣẹ́. Mo sọ ti páálí fún un, kò gbèjà wọn. "Bàbá mi náà ní gáòtì, sà. Ẹ má fetí sí páálí, ẹ bi dókítà."

Mo bi dókítà. Uric acid inú ẹ̀jẹ̀ mi ti lé ní 8 mg/dL, abẹ́ 6 ló ń fẹ́. Ó bá mi wí dáadáa pé mo dá allopurinol, oògùn tó ń dín uric acid kù, dúró nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ó ní oògùn ojoojúmọ́ ni. Ó fi colchicine, oògùn tí kì í jẹ́ kí gáòtì ru, kún un fún oṣù díẹ̀, torí allopurinol fúnra rẹ̀ lè ru gáòtì sókè níbẹ̀rẹ̀. Bíà ńkọ́? Ìgò kan lọ́sẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ bá wú.

Ẹnu ẹ̀rọ tuntun dé lọ́jọ́ kẹta. Ọtí ọ̀hún sì dùn, kí n má parọ́! Mo fi í sínú òtútù fún ọjọ́ méjì kí yíìsì lè rọ̀ sísàlẹ̀ kí n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Tí mo bá ń dà á sí kọ́ọ̀pù, mo máa ń fi ìwọ̀n ìka kan sílẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jókòó sí. Purine tó ti yọ́ sínú ọtí ṣì wà níbẹ̀, mi ò tan ara mi. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró dè, kì í mu ún bí omi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń bá mi mu èyí tó kù.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Ó ṣì ń jò díẹ̀.